Ohun Tí A Kà ní Ajégúnlẹ̀, àti Ohun Tí A Kò Kà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Òkúdù 2025

Òjò ń rọ̀ láti ìgbà tí mo kírun àsùbá títí mo fi dé gbọ̀ngàn tí a gbà ní Ajégúnlẹ̀. Ẹran Iléyá ṣì wà nínú ìkòkò nílé, n kò ráyè jẹ ẹ́. Àwọn dókítà mi mẹ́ta dé lónìí, gbogbo wọn tutù rinrin.

Adékànmí ló kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà méjì nínú báàgì kan. Ìlú Òyìnbó ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ìṣirò nípa iye ènìyàn ló kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé ó máa ń dáhùn kí ènìyàn tó béèrè tán. Onyinyechi tẹ̀lé e. Ajégúnlẹ̀ níbí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dán ju tèmi lọ. Ebimobowei ló dé kẹ́yìn, ọmọ Íjọ́, ó ga débi pé ó ní láti tẹríba kó tó gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Ó kí mi, ó jókòó, kò sì sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi túká.

Mo sọ iṣẹ́ wọn fún wọn. Wọ́n ti mọ détà, ìyẹn iye nǹkan tí a kà tí a sì kọ sílẹ̀, wọn kò tíì mọ bí a ṣe ń fi kọ́ ẹni gbogbo. Ẹni gbogbo ni mo wí: ẹni tó ríran àti ẹni tí kò ríran, ẹni tó gbọ́ràn àti ẹni tí kò gbọ́, ẹni tó kàwé àti ẹni tó jẹ́ pé ọjà ló kọ́ ọ níṣirò. Èmi yóò máa kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn náà yóò máa kọ́ aládùúgbò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Kọ̀yà pè mí ní ìrọ̀lẹ́. A jọ kàwé ni. Ó ti di Ọ̀jọ̀gbọ́n, òun sì ni alága àwọn tó ń náwó sí iṣẹ́ yìí. Ó ní, "Kafilat, ní ọjọ́ ìkẹyìn, n kò fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn dókítà rẹ. Àwọn aládùúgbò ni mo fẹ́ gbọ́. Bí wọn ò bá pé mẹ́wàá tó lè ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́, a ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọgbà yunifásítì." Mo ní ó dáa. Kò gbàgbọ́ rí pé nǹkan gidi lè ti Ajégúnlẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni mo ti jáde. Ẹ̀yìn ni bàbá mi fi ru ẹrù ní èbúté Kírìkírì kí n tó di ẹni tí wọ́n ń pè ní dókítà. N kò ní jẹ́ kó gbé e lọ.

Ọjọ́bọ̀, 12 Òkúdù

Ìsinmi ìjọba, àmọ́ a wá to àga. Azubuike, onílé wa tó ń ta táyà nísàlẹ̀, ti kọ "DÓKÍTÀ MẸ́TA WÀ LÓKÈ" sára ògiri láti fi yẹ́ wa sí. Kó tó di ọ̀sán, ìyá kan ti gbé ẹsẹ̀ tó wú wá, bàbá kan sì fẹ́ kí a wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ òun. Onyinyechi ṣàlàyé títí. Bàbá náà wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Dókítà tí kì í fún ni lóògùn. Ayé ti bàjẹ́."

Ọjọ́ Ajé, 16 Òkúdù

Ènìyàn bí ogójì ló wá, torí wọ́n gbọ́ pé a ń pín détà fóònù. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé tiwa kì í wọ inú fóònù, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù. Iye tí mo fẹ́ náà nìyẹn. Àlhájà Sàfíátù tó ń ta rọ́bà ní ọjà Bóńdárì jókòó síwájú, obìnrin ọjà mẹ́jọ jókòó yí wọn ká, ó sì hàn pé ibi tí Àlhájà bá yà sí ni wọn yóò yà sí. Mùtíù agẹrun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kì í gbọ́ràn, ẹnu ènìyàn ló máa ń wò láti mọ ohun tí a ń sọ. Zulfah náà wá pẹ̀lú ọ̀pá funfun rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, kò ríran láti kékeré, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ.

Adékànmí ló bẹ̀rẹ̀. Ó tan àwòrán ìṣirò kan sára ògiri, ó ní, "Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe rí i níbí..."

"Sà," ni Zulfah wí, "ta ló rí i?"

Ó tọrọ àforíjì. Kò pẹ́ tó tún sọ ọ́. Zulfah tún bi í. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, gbogbo kíláàsì ń rẹ́rìn-ín, Adékànmí ń làágùn. Àlhájà Sàfíátù dìde, wọ́n sì ṣòfin: ẹnikẹ́ni tó bá tún ní "bí ẹ ṣe rí i" láì sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò rí i, yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn garawa omi kan wá. Ẹ̀rọ omi Azubuike wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù táyà, àtẹ̀gùn wa sì ga. A kò ní omi lókè tẹ́lẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, dúrọ́ọ̀mù wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì.

Lẹ́yìn garawa karùn-ún, ọ̀rọ̀ Adékànmí yí padà. "Òpó mẹ́rin ló wà lára ògiri. Ẹ̀kẹta ga tó ìlọ́po méjì àkọ́kọ́." Zulfah mi orí, ó ní kó máa bá a lọ. Inú mi dùn gan-an.

Ọjọ́rú, 18 Òkúdù

Onyinyechi náà pọn omi lónìí. Ó kọjú sí pátákó, ó ń kọ̀wé, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Mùtíù pàtẹ́wọ́, ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn orí Onyinyechi, ó sì fi ọwọ́ bi wá bóyá ẹnu wà níbẹ̀. Garawa mẹ́ta. Epo jẹnẹrétọ̀ tún ti gbówó lórí.

Ọjọ́bọ̀, 19 Òkúdù

Ọjọ́ burúkú.

Ìsàlẹ̀ ni mo wà, èmi àti Azubuike ń bá jẹnẹrétọ̀ jà. Mo gbọ́ ẹ̀rín lókè, mo gbọ́ ohùn Adékànmí, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àwọn obìnrin Bóńdárì kì í dákẹ́ lásán. Mo sáré gòkè.

Ó ti kọ orúkọ gbogbo wọn sára pátákó, ó sì kọ àkọlé ńlá sí òkè: IYE ỌMỌ. Ó ní kí oníkálùkù dìde sọ iye ọmọ tó bí, kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń wá iye tó bọ́ sí àárín. Ẹnì kankan kò dìde. Ó rò pé ojú ló ń tì wọ́n. Ó yíjú sí Àlhájà Sàfíátù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Àlhájà, ẹ jẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́. Mo rí àwọn ọmọ yín ní ṣọ́ọ̀bù lánàá. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta..." Ìka ló fi ń kà wọ́n.

Àlhájà mú báàgì wọn. Wọ́n tún ìbòrí wọn so dáadáa. Wọ́n ní, "Ó dàárọ̀ o." Aago méjìlá ọ̀sán kò tíì lù. Obìnrin mẹ́jọ dìde tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó pariwo.

Ọmọ Yorùbá tó kàwé, tó kàwé, tó wá gbàgbé pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Òkúdù

Mẹ́fà ló wá. Mo wo àwọn àga tó ṣófo, mo sì rí ojú Kọ̀yà lórí gbogbo wọn.

Mo dúró kí kíláàsì tú kí n tó dojú kọ Adékànmí. Mo bínú, n kò sì fi pamọ́.

"Mà," ó ní, "gbogbo ìwádìí tí mo ti ṣe rí ló máa ń béèrè ìbéèrè yẹn."

"Ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí lẹ fi ìwé bi. Ìwọ na ìka sí ọmọ tí o mọ ojú rẹ̀, níwájú ìyá rẹ̀."

Ó to àga kan padà sí ipò rẹ̀. "Ìyá mi náà kì í gbà kí a ka ara wa nílé. Mo mọ̀ ọ́n, mà. Mo rò pé kíláàsì ni mo wà ni."

"Kíláàsì náà, àdúgbò àwọn kan ni."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Onyinyechi ní kí a lọ wá àwọn mìíràn tí yóò rọ́pò wọn. Mo kọ̀. Bí a bá lé àwọn wọ̀nyí lọ tán ká tó wá ẹlòmíràn, kí ni mo wá ń kọ́ àwọn dókítà mi?

Ọjọ́ Àìkú, 22 Òkúdù

Èmi àti Adékànmí lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àlhájà. Òjò ti sọ Bóńdárì di ẹrẹ̀. Kí n tó kí wọn tán, Adékànmí ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn garawa àti ike, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Àwọn alájàpá tó ń kọjá dúró wò ó.

Àlhájà ń to ìdérí ọpọ́n lọ.

"Dókítà, lọ́jọ́ tí o ní kí n kà wọ́n, èwo gan-an ni kí n kà? Ṣé àwọn tó ń jẹun nílé mi, àbí àwọn tí mo ti sin?"

Wọ́n gbé ìdérí ọpọ́n ọwọ́ wọn kalẹ̀.

"Dìde. Aṣọ rẹ ti bàjẹ́."

Wọn kò sọ bóyá àwọn yóò padà wá. Nígbà tí a ń lọ sílé, Adékànmí ń sunkún láì pariwo. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́, àmọ́ n kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí. Mo fún un ní áńkáṣíìfù mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Òkúdù

Òjò. Omi dé orókún ní ẹnu ọ̀nà Azubuike. Mẹ́rin ló wá.

Ọjọ́bọ̀, 26 Òkúdù

A ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì nígbà tí mo rí Àlhájà Sàfíátù lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n dá wá. Gbogbo wa dìde, Zulfah náà dìde láì mọ ìdí, ó ń béèrè pé ta ló wọlé.

"N kò tíì wọlé," ni Àlhájà wí. "Ọ̀rọ̀ kan ni mo wá sọ. Láti ọjọ́ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń sọ ohun tí a ó kà fún wa. Ẹnì kankan ò tíì bi wá léèrè ohun tí àwa fẹ́ kà."

Mo wo àwọn dókítà mi. Ohun tí mo ń retí láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyí, kí ọ̀kan nínú wọn béèrè.

"Kí ni ẹ fẹ́ kà, mà?" Adékànmí ni.

"Tírélà."

Ó yé gbogbo ará àdúgbò. Àwọn tírélà tó ń ti wọ́ọ̀fù Àpápá bọ̀ ti ń gba àdúgbò wa kọjá kí wọ́n má baà tò sórí títì ńlá, ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n sì ń gbà. Ní oṣù tó kọjá, ọ̀kan wó ìsọ̀ aránṣọ kan. Díẹ̀ ló kù kó kan ọmọ-ọmọ Àlhájà. Wọ́n lọ bá Ejiro, olórí àwọn awakọ̀, ó ní àsọdùn obìnrin ni, pé tírélà kì í pọ̀ láàárọ̀.

"Ọmọ la kì í kà, dókítà," ni Àlhájà wí. "Àmọ́ ohun tó ń lé wọn kiri lójú títì, mo lè kà á títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Wọ́n wá wọlé, wọ́n jókòó sí àga wọn. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé lọ nu ojú mi.

Ọjọ́ Ajé, 30 Òkúdù

Obìnrin márùn-ún ti tẹ̀ lé Àlhájà padà. A jókòó láti pinnu bí a ó ṣe kà á. Àwọn kan ní kí a ka ti àárọ̀ nìkan, ìgbà tí àwọn ọmọ ń lọ síléèwé. Zulfah ní rárá. "Tí ẹ bá ka àárọ̀ nìkan, Ejiro á ní bó ṣe ń rí látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kà á láti aago mẹ́fà títí di ọ̀sán, ká lè mọ èyí tó pọ̀ ju èyí lọ." Onyinyechi ló kọ́ wọn nípa fífi nǹkan wé nǹkan ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó rọra wò mí, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Níbo la ó kọ ọ́ sí? Tí a bá kọ ọ́ sínú ìwé, Zulfah kò lè kà á, obìnrin mẹ́ta nínú kíláàsì náà kò lè kà á. Ibẹ̀ ni Ebimobowei ti la ẹnu. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé àìsàn ló ń jẹ́ kó dákẹ́.

"My papa dey tie cork for net," ó ní. Apẹja ni bàbá rẹ̀, kọ́ọ̀kì ló máa ń so mọ́ àwọ̀n. Ó wá fi Yorùbá rẹ̀ tó ń kọsẹ̀ bá a lọ. "Okùn kan, wákàtí kan. Tírélà kan kọjá, ìdérí ìgò kan wọlé. Ẹni tó ní ojú, kó wò. Ẹni tó ní ọwọ́, kó fọwọ́ kàn án."

Adékànmí mú okùn àkọ́kọ́ tí Ebimobowei so, ó fi ọwọ́ wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀. Ó ní láti ọdún mẹ́rin lòun ti ń ya irú òpó wọ̀nyẹn sínú kọ̀ǹpútà, òun kò fọwọ́ kàn án rí.

Azubuike fún wa ní àpò ìdérí ìgò kan. Kò sọ bó ṣe rí wọn tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 2 Agẹmọ

Awakọ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ nínú tírélà rẹ̀ láàárọ̀, ó já okùn gbà lọ́wọ́ Mùtíù. "Wetin una dey count? Una be task force?" Ó rò pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mú ọkọ̀ ni wá. Mùtíù kò gbọ́ ọ, ó kàn ń na ọwọ́ kó dá okùn òun padà. Àlhájà Sàfíátù ti wà láàárín wọn kí èmi tó dé. "My pikin, na school we dey," ni wọ́n wí, wọ́n sì béèrè bóyá awakọ̀ náà fẹ́ wọ kíláàsì, pé àyè ṣì wà. Awakọ̀ náà wo ìyá arúgbó tó ní òun ń lọ síléèwé, ó dá okùn padà, ó kí wọn, ó wakọ̀ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Agẹmọ

Oòrùn yọ lónìí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan. A so àwọn okùn náà kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wákàtí tẹ̀ lé wákàtí. Zulfah lọ síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé èyí àkọ́kọ́, ó ń sún lọ sí apá ọ̀tún. Nígbà tó dé orí okùn aago méje sí mẹ́jọ, ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ó ti kan ilẹ̀," ó ní. "Àwọn tó kù kò kan ilẹ̀."

Aago méje sí mẹ́jọ ni àwọn ọmọ máa ń rékọjá.

Ọjọ́ Ajé, 7 Agẹmọ

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Adékànmí wá bá mi kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ fà ro. Ó ti rí i pé aago méje, nígbà tí títì máa ń kún, Àlhájà àti Mùtíù ni wọ́n jọ ń kà, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì. Àwọn méjèèjì ń ka tírélà kan náà, wọ́n sì so ìdérí wọn pọ̀ sórí okùn kan.

"Mo lè tún un ṣe báyìí, mà. Ìdajì ni màá yọ kúrò. Wọn ò ní mọ̀."

"Tí o bá tún un ṣe fún wọn, tìẹ nìkan ló máa jẹ́."

"Tí a bá sọ fún wọn, inú wọn á bàjẹ́. Wọ́n lè tún lọ."

Ẹ̀rù ń bà á nítòótọ́, ẹ̀rù sì ń ba èmi náà. Mo ní kó má sọ fún wọn, kó béèrè.

Ó wọlé. Ó jókòó láàárín wọn dípò kó dúró níwájú, ó sì bi wọ́n léèrè ohun kan péré: "Láago méje, ta ló dúró síbo?" Àlhájà sọ tiwọn. Mùtíù sọ tiẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ àwọn tírélà tí wọ́n rí, Mùtíù fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe èyí aláwọ̀ búlúù tó gbé irin, tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti fọ́. Àlhájà ní, "Èmi náà ka ìyẹn." Wọ́n wo ara wọn. Zulfah ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà gbogbo ilé gbà á. Àlhájà fúnra wọn ni wọ́n tú okùn náà. Wọ́n ní a ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo fún okùn kan.

Adékànmí kò sọ ìdáhùn kankan látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo rò pé ó ti di olùkọ́ lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Agẹmọ

A kà á tán. Okùn aago méje kò kan ilẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ó gùn ju èyí tó tẹ̀ lé e lọ ní ìlọ́po méjì. Kò pọ̀ tó bí a ṣe rò, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́ nídìí.

Ọjọ́rú, 16 Agẹmọ

Mẹ́rìnlá ló wá, àwọn obìnrin mẹ́ta tó kù náà ti padà. Ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún bímọ lánàá, a dárí jì í. Gbogbo wa ṣàdúrà fún ìyá àti ọmọ. Mo rí i tí Adékànmí la ẹnu láti béèrè bóyá ọmọ ìkẹta ni àbí ìkẹrin. Ó pa á dé.

Ọjọ́rú, 23 Agẹmọ

Kọ̀yà ní aago mẹ́wàá lòun yóò dé lọ́la. Mo tún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn okùn náà wò kí n tó lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀, 24 Agẹmọ

Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ kí oorun tó gbé mi lọ.

Òjò ti ń rọ̀ kó tó di aago mẹ́jọ. Kò síná. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Kọ̀yà dé pẹ̀lú àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ méjì, ó gun àtẹ̀gùn wa, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì wo gilóòbù tó kú lókè. "Kafilat, báwo lẹ ó ṣe fi nǹkan hàn wá láìsí iná?"

"Ẹ jókòó, Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni mo wí.

Ejiro olórí awakọ̀ náà wá, torí Àlhájà ló ránṣẹ́ pè é, ó sì mọ̀ pé kò ní dára fún òun bí òun kò bá wá. Mo ní kí àwọn dókítà mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ jókòó sẹ́yìn. Adékànmí jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ kó má baà na ìka sí nǹkan kan.

Zulfah ló bẹ̀rẹ̀. Ó dúró ti ògiri, ó fi ọwọ́ lé àwọn okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́. Mùtíù fi ọwọ́ sọ tiẹ̀, Onyinyechi sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì, Mùtíù dá a dúró, ó tún un kọ́. Àwọn obìnrin ọjà sọ̀rọ̀ tẹ̀ léra wọn, èyí sọ ìdí tí a fi kà á dé ọ̀sán, èyí sọ ìdí tí a kò fi ka mọ́tò kékeré. Mo ti ń kà wọ́n lábẹ́ ètè mi. Ẹ má bínú, àgbàlagbà nìwọ̀nyẹn. Wọ́n pé mẹ́wàá, wọ́n kọjá mẹ́wàá.

Kọ̀yà gbé ojú sókè. Mo mọ ìwò yẹn láti yunifásítì. "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ẹ kò ka tírélà kan lẹ́ẹ̀mejì?"

Ẹ̀yìn ni mo gbọ́ tí Ebimobowei mí kanlẹ̀.

Àlhájà Sàfíátù rẹ́rìn-ín. "A kà á lẹ́ẹ̀mejì o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi àti Mùtíù ni." Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́: tírélà aláwọ̀ búlúù, okùn tí wọ́n tú, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n tún fi kà á. "Tí ẹ bá sọ pé irọ́ ni, okùn wà níbí. Ẹ lọ dúró níbẹ̀ lọ́la kí ẹ so tiyín."

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ejiro dìde lọ síbi ògiri, ó di okùn aago méje mú fún ìgbà pípẹ́. "Na so e plenty?" Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Àlhájà. "Mama, abeg no vex. From tomorrow, no trailer go pass there till eight-thirty. Na me talk am."

Kọ̀yà wá dìde láti sọ ọ̀rọ̀ ìkádìí. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó na ọwọ́ sí ògiri, ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ṣe rí i níbí..."

"Garawa kan, sà," ni Zulfah wí.

Onyinyechi fi ọwọ́ bo ojú. Kọ̀yà béèrè pé kí ni, Àlhájà sì ṣàlàyé òfin náà fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń tajà fún oníbàárà tí wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n fi kún un pé gbogbo dókítà ilé yìí ló ti pọn ọ́n, pé kò sí ẹni tí òfin náà kò mú.

Ó wò mí. N kò ràn án lọ́wọ́. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó gba garawa lọ́wọ́ Mùtíù, ó sì sọ̀ kalẹ̀ nínú òjò. Gbogbo wa sáré lọ síbi fèrèsé, Onyinyechi ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún Zulfah: ó ti dé ibi ẹ̀rọ, omi ti kún, ó ti gbé e, Azubuike fẹ́ gbà á, ó kọ̀ fún un. Ó gòkè wá, ó da omi náà sínú dúrọ́ọ̀mù, ara rẹ̀ tutù, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ìgbà tí a wà ní yunifásítì.

"Àwọn okùn mẹ́fà ló wà lára ògiri," ó ní, ó kọjú sí Zulfah. "Èyí kejì ló gùn jù. Àwọn tó so wọ́n ló ṣàlàyé wọn fún mi, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Iṣẹ́ yìí kò ní kúrò ní Ajégúnlẹ̀."

N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ pariwo. Mo mọ̀ pé èmi ni mo pariwo pẹ́ jù. Ebimobowei gbé Mùtíù sókè pátápátá kúrò nílẹ̀. Mo rántí bàbá mi àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó fi ru ẹrù, mo sì sunkún níwájú gbogbo wọn, ojú kò tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Agẹmọ

A pàdé níwájú ilé-ìwé láago méje láàárọ̀, èmi, Àlhájà àti Adékànmí. Òjò ti dá. Tírélà kankan kò kọjá. Ejiro fúnra rẹ̀ dúró sí orí ìkóríta pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń dá wọn padà.

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí rékọjá, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, àwọn kan ń fò nínú omi tó dúró. Ọmọ-ọmọ Àlhájà juwọ́ sí wa. Mo wo Adékànmí. Ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, mo sì mọ ohun tó ń ṣe. Àlhájà náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n kàn ń wò ó.

Ó pa ètè dé. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

"Wọ́n pọ̀, mà," ó ní.

"Wọn yóò máa pọ̀ sí i," ni Àlhájà Sàfíátù wí.

A ṣe àmín.